Arthur Wharton: Aṣọ́lé Tí Orúkọ "Ẹni Àkọ́kọ́" Bò Mọ́lẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn tó fẹ́ràn ìtàn bọ́ọ̀lù pé ta ni Arthur Wharton, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó máa gbọ́: òun ni ọmọ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó parí. Bí ẹ bá tún bi wọ́n pé irú aṣọ́lé wo wá ni ọkùnrin náà, ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe àbí kò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹnu á wọhò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ nìyẹn. Oríkì "ẹni àkọ́kọ́" tí wọ́n fi ń kì Wharton dùn ún gbọ́ létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bí a bá ń yin ènìyàn náà, ó yẹ kí á máa ríran.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù October ọdún 1865 ni wọ́n bí i ní Jamestown, ní ìlú Accra, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gold Coast kí ó tó di Ghana ní 1957. Ọmọ ilé ire ni. Erékùṣù Grenada ni bàbá rẹ̀, Henry Wharton, ti wá; òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni nínú ìjọ Wẹ́sílì, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan náà tí Thomas Birch Freeman gbé wá sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta ní 1842. Ìyá rẹ̀, Annie Florence Egyiriba, jẹ́ ọmọ ìdílé ọba láàárín àwọn Fante. Bàbá kú ní 1873, nígbà tí ọmọ kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, wọ́n ní kó lọ sí England láti kẹ́kọ̀ọ́, kí òun náà lè di òjíṣẹ́ bíi ti bàbá rẹ̀. Ní 1884 ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Cleveland College ní Darlington, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni eré ìdárayá ti gbà á lọ́wọ́ Bíbélì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù July 1886, ní pápá Stamford Bridge ní Lọ́ńdọ̀n, ó sá eré yáàdì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 géérégé, nínú ìdíje gbogbogbòò ti àwọn eléré ìje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó tíì sá irú eré bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje yẹn rí. Ó padà lọ ní 1887, ó sì tún gba ipò kìíní. Bẹ́ẹ̀, ó ń gun kẹ̀kẹ́, ó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó lè sáré tó báyìí, níbo ni wọ́n fi í sí lórí pápá bọ́ọ̀lù? Ojú ilé! Gólíkípà!

Mo mọ̀ pé ìbéèrè tí ẹ ó bi mí nìyí: kí ló dé tí wọ́n á fi mú ẹni tó yára jù lọ nínú ìlú, kí wọ́n wá fi í ti àárín òpó méjì bí ẹni so ẹṣin mọ́lẹ̀? Ẹni tó bá ń fi ojú òde òní wo bọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn kò lè rí ìdáhùn rẹ̀. Àwọn tó ń kọ nípa Wharton kì í sì sábà dúró níbẹ̀ ṣàlàyé. Wọ́n á sáré kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara. Ẹ jẹ́ kí á dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Iṣẹ́ aṣọ́lé nígbà ayé Wharton yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ojú wa mọ̀. Títí di ọdún 1912, aṣọ́lé láṣẹ láti fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù níbikíbi ní ìdajì pápá tirẹ̀. Ohun tí òfin kọ̀ fún un ni pé kó má gbé e rìn jìnnà. Ẹ wò ó, ìdajì pápá gbáko! Aṣọ́lé tó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lè tú jáde, kó fi ẹ̀ṣẹ́ gba bọ́ọ̀lù dànù lórí orí àwọn ọ̀tá, kó sì tún padà sílé kí ilẹ̀ tó mọ́ wọn. Títí di 1909, aṣọ kan náà ni òun àti àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ ń wọ̀, kò sí àmì tó yà á sọ́tọ̀. Kò sí àwọ̀n lẹ́yìn ilé títí di 1891, kò sì sí pẹ́nárítì títí di ọdún kan náà. Èyí tó burú jù ni pé, ní àwọn ọdún 1880, àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú láṣẹ láti fi èjìká kọ lu aṣọ́lé, kódà bí bọ́ọ̀lù kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan gbòógì tí wọ́n fi ń jẹ góòlù nìyẹn: kí ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù wá sókè, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta sì ti aṣọ́lé wọlé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lápapọ̀, bí ẹní ti àpò ẹ̀pà sínú ọkọ̀.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí Wharton ṣe. Ní 1942, ọdún méjìlá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní Sheffield. Ó ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Rotherham bá Sheffield Wednesday gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Olive Grove. Ó ní Wharton fò sókè, ó di igi ìdábùú mú, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bọ́ọ̀lù mọ́ra, àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú mẹ́ta tó ń sáré bọ̀ wá kọ lù ú sì ṣubú gbì sínú àwọ̀n. Ó ní òun ti ń wo bọ́ọ̀lù fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, òun kò sì rí irú rẹ̀ mọ́.

Gbogbo ẹni tó bá sọ ìtàn yìí ló máa ń fi ṣe ẹ̀rín rín. Wọ́n á ní, ẹ wo aláwàdà, ẹ wo ọ̀bọ orí igi. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí á fi òye wò ó. Àwọn mẹ́ta ń bọ̀ bí akọ màlúù. Bí ó bá dúró lórí ilẹ̀ kó fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù mú, òun àti bọ́ọ̀lù ni wọn ó jọ tì wọlé, rẹfirí á sì fọn fèrè góòlù. Bí ó bá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a, ọwọ́ ẹlòmíràn ló lè bọ́ sí nítòsí ibẹ̀. Kí ló kù? Kó gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí èjìká wọn má bá ohun kan tí wọ́n lè kọ lù. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ lù, ìyẹn ló sì gbé wọn ṣánlẹ̀. Ọgbọ́n iṣẹ́ nìyẹn, jàre! Ẹni tó ronú kan irú èyí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan mọ òfin eré náà dé ìdí, ó sì mọ ara tirẹ̀ náà.

Àṣà rẹ̀ kejì ni pé ó máa ń lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ òpó kan, bí ẹni tí kò bìkítà, títí bọ́ọ̀lù yóò fi sún mọ́ tòsí. Àfi gìrì, ó ti já jáde! Àwọn kan pe èyí náà ní ìṣekúṣe. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìṣẹ́jú-àáyá 10 ti Stamford Bridge. Fún aṣọ́lé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ewu ńlá ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fún Wharton, pańpẹ́ ni: ó jẹ́ kí ọ̀tá rò pé ilé ṣófo, kó gbé orí sókè láti yan ibi tí yóò gbá a sí, nígbà náà ni ẹ̀ṣẹ́ dé. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó rí i fi ń sọ pé, bí kò bá bá bọ́ọ̀lù, orí ẹnì kan ni yóò bá.

Èmi kò sọ pé kò ní àbùkù o. Aṣọ́lé tó ń fi ewu ṣeré yóò jẹ góòlù tí aṣọ́lé onísùúrù kò ní jẹ. Ohun tó yẹ kí á jọ jiyàn lé lórí nìyẹn, èrè àti àdánù ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe jiyàn náà nígbà náà. Ní 1887, nígbà tó ń ṣọ́lé fún Preston North End, ìwé ìròyìn eré ìdárayá kan bu àwọ̀ rẹ̀ àti agbárí rẹ̀, ó sì béèrè bóyá agbárí náà ti nípọn jù láti mọ̀ pé àárín òpó méjì kì í ṣe ibi ìṣeré. Ẹ rí i báyìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ ọ́ ní ẹjọ́ kan gidi tó fẹ́ rò nípa ọ̀nà tí Wharton ń gbà ṣọ́lé, ṣùgbọ́n ìkórìíra ti gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè bu ọ̀nà iṣẹ́ Wharton kí á má fura sí i, kò sì sí ẹni tó lè yìn ín láìdà bí ẹni tó ń gbèjà. Ibi tí àríwísí òtítọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀ kú sí nìyẹn.

Preston yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Wharton bá wọn dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ìdíje F.A. Cup ní 1887, níbi tí West Bromwich Albion ti fi 3 sí 1 lù wọ́n. Àwọn kan ń sọ nígbà náà pé ó tó ẹni tí wọ́n lè mú sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ England. Wọn kò mú un. Ó sì kúrò ní Preston kó tó di sáà 1888 sí 1889, nígbà tí ẹgbẹ́ náà gba ife ẹ̀yẹ líìgì àkọ́kọ́ láìfìdí-rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì tún gba F.A. Cup mọ́ ọn. Bí ó bá dúró ni, bóyá ìtàn mìíràn là bá máa sọ. Ó yàn láti máa fi eré sísá wá owó, ọ̀nà ẹni sì ni ọ̀nà ẹni.

Ẹ̀yìn èyí ni "professional" wá dé. Ní 1885 ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé kí agbábọ́ọ̀lù máa gba owó iṣẹ́ ní gbangba. Ní 1889, Wharton fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Rotherham Town. Lónìí, bí wọ́n bá pe ẹnì kan ní professional, ọkọ̀ bọ̀gìnnì àti ilé olókè ló ń wá sí wa lọ́kàn. Nígbà náà ńkọ́? Lójú àwọn ọlọ́lá, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù gba owó kò ga ju alágbàṣe lọ. Ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ọmọ ọmọ ọba, tí wọ́n rán wá láti kàwé, ló di alágbàṣe láàárín àwọn òṣìṣẹ́ irin àti àwọn awakùsà ilẹ̀ Yorkshire. Bóyá ìyẹn ló le jù nínú gbogbo ohun tó ṣe, ju jíjẹ́ "ẹni àkọ́kọ́" lọ. Bí ó bá jẹ́ nítorí ẹ̀yẹ lásán, ì bá dúró sídìí eré ìje níbi tí àwọn ọlọ́lá ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó gbé iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, ó sì ṣe é fún ọdún mẹ́tàlá.

Ní 1894, Sheffield United mú un. Àsìkò kan náà ni wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ogún ọdún kan tó ń jẹ́ William Foulke. Wharton sì ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Foulke ga, ó tún sanra, ó sì ń sanra sí i lọ́dọọdún títí ayé fi sọ ọ́ ní "Fatty". Foulke ni wọ́n fi sójú ilé. Ìwọ̀nba eré díẹ̀ ni Wharton rí gbá, ọ̀kan nínú wọn sì ni èyí tí wọ́n bá Sunderland gbá ní 1895 ní ìpele kìíní líìgì. Nítorí eré kan yẹn, wọ́n tún fi "ẹni àkọ́kọ́" mìíràn kún oríkì rẹ̀.

Mo rò ó títí, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yìí jọra wọn. Foulke gba ife ẹ̀yẹ líìgì pẹ̀lú Sheffield United ní 1898, ó gba F.A. Cup ní 1899 àti 1902, ó sì ṣọ́lé fún England lẹ́ẹ̀kan, ní 1897. Àgbà aṣọ́lé ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń rántí nípa rẹ̀? Ikùn rẹ̀. Kí ni wọ́n ń rántí nípa Wharton? Àwọ̀ rẹ̀. Àwọn aṣọ́lé méjì nínú ilé kan náà, ọ̀kan di ikùn, èkejì di àwọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì sì wọ inú ìgbàgbé lọ. Ìyàtọ̀ kan wà o, mi ò ní fi bò: bí Foulke bá ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí pápá, ìwà ara rẹ̀ ni wọ́n kà á sí, bí Wharton bá ṣe é, gbogbo ẹ̀yà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n máa kà á sí lọ́rùn.

Lẹ́yìn Sheffield, ìrìn-àjò náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ó padà sí Rotherham, ó lọ sí Stalybridge Rovers, ó lọ sí Ashton North End títí owó fi tán nínú ẹgbẹ́ yẹn ní 1899, ó tún padà sí Stalybridge. Stockport County ló gbẹ̀yìn, ní ìpele kejì, ní sáà 1901 sí 1902. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Ó ti gbìyànjú láti máa ta ọtí, ọtí náà sì di ìṣòro fún un. Níkẹyìn ó wọ iṣẹ́ kùsà èédú ní Yorkshire Main, ní Edlington, níbi tó ti ń bá wọn fa ọmọlanke èédú. Ó kú ní oṣù December 1930, ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Wọ́n sin ín sí Edlington nínú sàréè tálákà, láìsí òkúta, láìsí orúkọ.

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin kọjá lórí sàréè yẹn. Ní 1997, àwọn ẹgbẹ́ kan ní Sheffield tó ń jẹ́ Football Unites, Racism Divides ṣe wàhálà títí wọ́n fi gbé òkúta sórí rẹ̀. Mo kí wọn, wọ́n ṣeun. Ọdún yẹn gan-an ni David James ṣọ́lé fún England fún ìgbà àkọ́kọ́, aṣọ́lé aláwọ̀ dúdú, ohun tí Wharton kò rí gbà. Ní 2003 wọ́n fi orúkọ Wharton sínú ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2014 wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní St George's Park, nítòsí Burton, níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù England ti ń ṣe ìgbaradì.

Mo ti fara balẹ̀ wo àwòrán ère náà. Idẹ ni, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún. Wharton na gbogbo ara, ó ń fi orí ìka ti bọ́ọ̀lù kọjá lórí igi. Ó rẹwà, ọwọ́ ẹni tó ṣe é mọ́. Àròyé mi ni pé, ẹ bá mi yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀, aṣọ́lé èyíkéyìí ní òde òní ni. Irú ìfò tí à ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Níbo ni ẹ̀ṣẹ́ wà? Níbo ni ìlóṣòó ẹ̀gbẹ́ òpó wà? Ta ni kò ní fẹ́ rí ọkùnrin tó rọ̀ mọ́ igi ìdábùú, bọ́ọ̀lù há sí i lẹ́sẹ̀, ènìyàn mẹ́ta wó lulẹ̀ lábẹ́ rẹ̀? Ó dà bíi pé ẹ̀rù ba àwọn tó gbé ère náà kalẹ̀ pé ayé á tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fún un ní ìfò tó níyì, tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "ẹni àkọ́kọ́" fúnra rẹ̀ kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí a ṣe rò. Andrew Watson, tí wọ́n bí ní Guyana, ti ṣe balógun fún Scotland ní 1881, lọ́jọ́ tí wọ́n fi 6 sí 1 na England ní Lọ́ńdọ̀n. Kò gba owó nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kan ń sọ pé ó ṣeé ṣe kó ti gba owó nígbà tó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní Bootle ní 1887. Bí ìyẹn bá di òtítọ́ tí a kò lè jiyàn rẹ̀ lọ́la, kí ni yóò kù fún Wharton? Bí adé "àkọ́kọ́" bá jẹ́ gbogbo ohun tí a fi dé e lórí, ẹnikẹ́ni tó bá rí ìwé àtijọ́ kan nínú àpótí lè wá ṣí i. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó lè gba ọjọ́ Olive Grove lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn akọ̀wé eré ìdárayá wa, àti sí ẹ̀yin òbí tó ń sọ ìtàn fún ọmọ: ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn Wharton láti ara àwọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ á rí ìyẹn fúnra wọn nígbà tí wọ́n bá rí àwòrán. Ẹ kọ́kọ́ sọ bí òfin bọ́ọ̀lù ti rí nígbà náà, kí wọ́n mọ irú ewu tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ bí àwọn mẹ́ta ṣe ń sáré bọ̀. Kí ẹ wá dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè pé, bí ó bá jẹ́ ìwọ ni aṣọ́lé náà, kí ni o máa ṣe?